Ẹni Tí Ó Ni Ìtumọ̀ Òfin

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, ti ọmọ ni à ń fi í jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n gidi ni. Ẹni tí a rán kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni ju ẹrù igi sílẹ̀. Ó yẹ kí ó lo làákàyè rẹ̀, kí ó fi ọ̀wọ̀ kún ibi tí ọ̀wọ̀ kù sí, kí ó sì tún ibi tí ó bá rí gbágungbàgun ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Bí ìránṣẹ́ bá tún iṣẹ́ ṣe títí tí iṣẹ́ náà fi yàtọ̀ sí èyí tí a rán an, ta ni yóò sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́? Ṣé ẹni tí ó rán an ni? Ṣé ẹni tí a rán an sí ni? Tàbí ẹnì kẹta ni, tí kò rán ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì rán?

Ìbéèrè yìí ju ọ̀rọ̀ agbo ilé lọ. Òun ni ó wà nídìí ẹjọ́ kan tí àwọn apẹja ilẹ̀ Amẹ́ríkà pe ìjọba wọn, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ náà sì dá ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ẹja tí ó dá ìjà sílẹ̀ kò ju èyí tí àwọn ọlọ́jà Nàìjíríà ń pè ní ṣáwá lọ; ṣùgbọ́n ohun tí ìdájọ́ náà wó lulẹ̀ ni ìlànà kan tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà ti tẹ̀ lé fún 40 ọdún. Ẹni tí yóò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní láti tọpa rẹ̀ láti ìdí.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ní ọdún 1787, wọ́n pín agbára ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta, nítorí pé wọ́n ti rí ìyà lábẹ́ ọba kan, wọn kò sì fẹ́ kí ọwọ́ kan ṣoṣo tún di gbogbo okùn mú. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni yóò máa ṣe òfin. Ààrẹ ni yóò máa mú un ṣẹ. Àwọn adájọ́ ni yóò sì máa dá ẹjọ́. Ní ọdún 1803, nínú ẹjọ́ Marbury àti Madison, John Marshall tí ó jẹ́ Olórí Àwọn Adájọ́ nígbà náà là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ adájọ́ ni láti sọ ohun tí òfin jẹ́. Ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò bùṣe, nítorí pé òfin kò lè sọ ohun gbogbo tán. Ẹni tí ń ṣe òfin lónìí kò mọ irú ẹ̀rọ tí a ó ṣe lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ oògùn tí a kò tíì pò. Bí ayé ti ń gbòòrò ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ń dá àjọ sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ní ọdún 1887 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ṣàkóso owó ọkọ̀ ojú irin láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Nígbà tí ọ̀wọ́n owó dé ní àwọn ọdún 1930, tí Franklin Roosevelt jẹ́ Ààrẹ, àwọn àjọ náà pọ̀ sí i: òmíràn ń ṣọ́ báńkì, òmíràn ń ṣọ́ owó iṣẹ́, òmíràn ń ṣọ́ rédíò. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni wọ́n kó sínú wọn. Òfin a wí pé kí owó ọkọ̀ jẹ́ èyí tí ó tọ́, tàbí kí oògùn jẹ́ èyí tí kò léwu. Àjọ ni yóò wá wọn èyí tí ó tọ́, tí yóò sì sọ ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ ti ọmọ.

Ẹjọ́ kan ti ọdún 1944 fi hàn bí àwọn adájọ́ ìgbà náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ 7 kan wà ní ilé-iṣẹ́ ẹran Swift ní ìlú Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sán tán, wọ́n ní láti wà nítòsí ilé-iṣẹ́ náà ní òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè pa iná bí iná bá ṣẹ́ yọ. Iná kì í sábà ṣẹ́ yọ. Ǹjẹ́ iṣẹ́ ni kí ènìyàn jókòó kí ó máa retí iná tí kò dé? Òfin owó iṣẹ́ kò sọ. Ọ̀gá àjọ tí ń rí sí owó iṣẹ́ ní tirẹ̀ wí pé àkókò oorun àti ti oúnjẹ kì í ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ ni èyí tí ó kù. Adájọ́ Robert Jackson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà kò de adájọ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ pé kò yẹ kí adájọ́ fojú fò ó. Bí ó bá fara balẹ̀ rò ó, bí àlàyé rẹ̀ bá gún, bí ohùn rẹ̀ kò bá yí padà láti ọdún dé ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wúwo. Bí a ti ń gbọ́ ti àgbà tí ó mọ iṣẹ́ ni kí á máa gbọ́ tirẹ̀. Àṣẹ ọba kọ́. Ní ọdún 1946, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi òfin kan lélẹ̀ fún gbogbo àwọn àjọ wọ̀nyí, ó sì wà nínú rẹ̀ pé ilé-ẹjọ́ tí ń yẹ iṣẹ́ àjọ wò ni yóò pinnu gbogbo ìbéèrè tí ó jẹ mọ́ òfin.

Ọdún 1984 ni nǹkan yí padà. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tún un ṣe ní ọdún 1977, pàṣẹ pé ní àgbègbè tí afẹ́fẹ́ kò bá tíì mọ́ tó, ẹni tí ó bá fẹ́ dá orísun èéfín ńlá sílẹ̀, tàbí kí ó mú èyí tí ó ti wà tóbi sí i, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Kí ni orísun èéfín? Ṣé òpó èéfín kọ̀ọ̀kan ni, tàbí gbogbo ọgbà ilé-iṣẹ́ lápapọ̀? Bí ó bá jẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, onílé-iṣẹ́ kò lè fi ọ̀kan kún un láìgba àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ọgbà, ó lè fi èéfín kún un níhìn-ín, kí ó sì dín in kù lọ́hùn-ún. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá ti pọ̀ sí i, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ní ọdún 1981, nígbà tí Ronald Reagan ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ààrẹ, tí Anne Gorsuch sì jẹ́ olórí àjọ tí ń dáàbò bo àyíká, àjọ náà mú ìtumọ̀ kejì. Ẹgbẹ́ kan tí ń jà fún àyíká pe ẹjọ́, ó sì jàre ní Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn onílé-iṣẹ́, tí Chevron elépo wà lára wọn, gbé e dé òkè pátápátá.

Adájọ́ John Paul Stevens ni ó kọ ìdájọ́ náà, ìbéèrè méjì ni ó sì fi lélẹ̀. Èkíní ni pé, ǹjẹ́ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sọ̀rọ̀ kedere lórí ohun tí à ń jà lé? Bí ó bá sọ ọ́, ìjà parí. Èkejì ni pé, bí òfin bá dákẹ́, tàbí bí ohùn rẹ̀ kò bá já geere, ǹjẹ́ ìtumọ̀ tí àjọ fún un bọ́gbọ́n mu? Bí ó bá bọ́gbọ́n mu, kí adájọ́ gbà á, bí òun fúnra rẹ̀ ìbá tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ kò ṣòro í gbọ́. Adájọ́ kò mọ iṣẹ́ èéfín. Àwọn ará ìlú kò sì dìbò yan adájọ́. Àjọ ní tirẹ̀ wà lábẹ́ Ààrẹ, Ààrẹ a sì máa jíhìn fún àwọn ará ìlú ní ọjọ́ ìdìbò. Àwọn onílé-iṣẹ́ jó, àwọn tí ń jà fún àyíká fajú ro. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ijó náà yóò yí ẹsẹ̀ padà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni àwọn ilé-ẹjọ́ tọ́ka sí ìdájọ́ yìí lẹ́yìn náà. Ó ní àǹfààní tirẹ̀: ìtumọ̀ kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ láti etí òkun kan dé èkejì, adájọ́ Texas àti ti New York kò sì ní máa fa òfin ya mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ fara hàn bí àwọn Ààrẹ ti ń rọ́pò ara wọn. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ àpẹẹrẹ. Ǹjẹ́ ó yẹ kí òfin mú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ó ti mú àwọn onítẹlifóònù? Ní ọdún 2002, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ dáhùn ní ti íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifíṣọ̀n pé rárá. Ní ọdún 2015 ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 2017 ó tún ní rárá. Ní ọdún 2024 ó tún padà sí bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ọ̀rọ̀ inú òfin tí à ń túmọ̀ kò yí padà; àwọn tí ó jókòó sórí àga àjọ ni ó yí padà. Òfin tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń bá olówó àga lọ, tí ó sì ń bá a bọ̀, kò lè jẹ́ òpó tí ará ìlú yóò fẹ̀yìn tì.

Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti wọlé. Ní Cape May, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn ìdílé kan wà tí ó ń fi ẹja pípa jẹun. Òfin ẹja pípa ti ọdún 1976 fún àjọ tí ń tọ́jú ẹja inú òkun ní àyè láti fi alámòójútó sínú ọkọ̀ wọn, kí ó máa ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá pa, kí ẹja má bàa tán nínú omi. Àwọn apẹja kò jiyàn èyí. Owó ni ìjà wọn: ta ni yóò san owó iṣẹ́ alámòójútó náà? Fún irú ọkọ̀ mélòó kan, òfin náà là á sílẹ̀ pé ọlọ́kọ̀ ni yóò san án. Nípa àwọn tí ń pa ṣáwá ní etí òkun Àtìláńtíìkì, kò sọ nǹkan kan. Ní ọdún 2020 àjọ náà ṣe ìlànà pé kí àwọn náà san án. Iye rẹ̀ lè tó 710 dọ́là lóòjọ́, àjọ náà fúnra rẹ̀ sì ṣírò rẹ̀ pé ó lè gé èrè ọkọ̀ kù tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ènìyàn gba ẹni tí ń ṣọ́ ọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Kí ó tún máa san owó ọ̀yà fún un jẹ́ òmíràn.

Ní ọdún 2022, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington dá ìjọba láre. Wọ́n ní òfin kò sọ̀rọ̀ tán, pé ìtumọ̀ àjọ sì bọ́gbọ́n mu. Ìlànà ọdún 1984 ti so wọ́n lọ́wọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ náà dá ètò owó náà dúró ní ọdún 2023, ẹjọ́ ń lọ síwájú, wọ́n sì so irú rẹ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Rhode Island mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn apẹja nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń fi owó tì lẹ́yìn, tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ dín agbára àwọn àjọ kù, ni wọ́n ń wa ọkọ̀. Ẹja kékeré ni wọ́n gbé síwájú; ẹja àbùùbùtán ni wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí.

John Roberts, Olórí Àwọn Adájọ́, ni ó kọ ìdájọ́ ọdún 2024 náà. Adájọ́ 6 wà ní apá kan, 3 kò fara mọ́ ọn. Roberts padà sí òfin ọdún 1946, ó sì wí pé òfin náà fi ìtumọ̀ lé adájọ́ lọ́wọ́: kí adájọ́ fi làákàyè ara rẹ̀ wá ìtumọ̀ òfin, kí ó má sì ṣe juwọ́ sílẹ̀ fún àjọ kìkì nítorí pé òfin kò sọ̀rọ̀ tán. Adájọ́ lè gbọ́ àmọ̀ràn àjọ bí Jackson ti wí ní ọdún 1944. Bí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún àjọ láti pinnu, adájọ́ yóò bọ̀wọ̀ fún un, yóò sì máa wò ó pé àjọ kò kọjá ààlà. Àwọn ẹjọ́ tí a sì ti fi ìlànà àtijọ́ dá tẹ́lẹ̀ kò ní tìtorí èyí nìkan yí padà.

Adájọ́ Elena Kagan ni ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fara mọ́ ọn. Ó ní àwọn ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ọ̀rọ̀ òfin, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn wọn. Ó mú ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Òfin dáàbò bo ẹ̀yà ẹranko tí ó bá ń lọ sí òpin, títí kan agbo kan tí ó bá dá yàtọ̀. Ǹjẹ́ àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Washington dá yàtọ̀ sí àwọn ìyókù tó bẹ́ẹ̀? Ìwé òfin wo ni adájọ́ yóò ṣí tí yóò fi mọ̀? Lójú tirẹ̀, àwọn adájọ́ ti gba iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì ti sọ ara wọn di ọ̀gá lórí ohun gbogbo.

Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan péré ṣáájú èyí tí ó dàbí ẹlẹ́rìí fún un. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, ilé-ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ lórí èéfín tí ń fẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan lọ ba afẹ́fẹ́ èkejì jẹ́. Èéfín tí à ń sọ ni nitrogen oxides. Adájọ́ Neil Gorsuch, nínú ìwé tí ó kọ, pè é ní nitrous oxide ní ìgbà 5. Èyí sì ni afẹ́fẹ́ tí oníṣègùn eyín máa ń fún aláìsàn fà símú kí ìrora lè dín kù. Wọ́n ní láti tún ìwé náà ṣe. Gorsuch yìí wà lára àwọn tí ó ti ń gbógun ti ìlànà ọdún 1984 fún ìgbà pípẹ́, ọmọ Anne Gorsuch tí àjọ rẹ̀ jàǹfààní ìlànà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ sì ni. Ohun tí ó gbe ìyá ní ọjọ́ kan ni ọmọ rí pé ó léwu ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn onílé-iṣẹ́ tí ó jó ní 1984 ni wọ́n tún jó ní 2024, nígbà tí wọ́n wó ohun tí wọ́n jó fún tẹ́lẹ̀; àwọn tí ń jà fún àyíká, tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ láti fẹ̀yìn ti ìlànà náà, ni wọ́n tún fajú ro.

Kí a má ṣe fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè ẹni tí ó yẹ kí ó túmọ̀ òfin. Ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí rere wọn ni wọ́n ń wá. Àwọn ẹjọ́ tí ó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ìdájọ́ náà kì í ṣe idà olójú kan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kan fi í wó ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fúnra rẹ̀ ka òfin ìbọn, adájọ́ 7 sì gbà pé àjọ lè fi òfin náà mú irú àwọn ìbọn tí wọ́n ń tà ní ègé-ègé fún ẹni tí yóò tò wọ́n pọ̀ nílé. Àjọ jàre níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé adájọ́ ka òfin tí ó sì rí i bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1979, ètò Ààrẹ ti Amẹ́ríkà ni orílẹ̀-èdè yìí mú lò, apá 6 ìwé òfin ọdún 1999 sì fi agbára ìdájọ́ lé àwọn ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́. Níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn àjọ wà tí ń bu owó orí, tí ń yẹ oògùn wò, tí ń fún ni ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí òṣìṣẹ́ àjọ bá sọ fún pé ohun tí òfin wí nìyí ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá òfin ni ó ń sọ̀rọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ náà.

Olùkọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bí kò tilẹ̀ ka ìwé òfin rí. Bí ìwé àṣẹ bá dé pé kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé máa wọ aṣọ tí ó bójú mu, ọ̀gá kan yóò ní aṣọ tí a fọ̀ ni. Òmíràn yóò ní aṣọ tí a lọ̀ ni. Ẹ̀kẹta yóò lé ọmọ tálákà tí aṣọ rẹ̀ lẹ́pa padà sílé, yóò sì wí pé ìwé àṣẹ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mọ ilé-ìwé rẹ̀ ju ẹni tí ó kọ ìwé náà lọ, ó sì yẹ kí á fi ọ̀pọ̀ nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ọmọ náà bá dé pẹ̀lú omijé, ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀gá, tí yóò kà á fúnra rẹ̀, tí yóò gbọ́ tẹnu ọ̀gá àti tẹnu ìyá, kí ó tó sọ̀rọ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹni náà bá sì gbéra ga débi pé kò bi ọ̀gá léèrè bí ilé-ìwé ti rí, òun náà yóò ṣe ìwà ìkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti aláìmọ̀kan ni.

Ẹni tí a kì í sì í bá wí tó nínú gbogbo èyí ni ẹni tí ó kọ ìwé àṣẹ. Àwọn Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Láàrin ọ̀rẹ́ méjì, òtítọ́ ni. Nínú òfin, odindi tí ó wà nínú apẹja kì í ṣe èyí tí ó wà nínú òṣìṣẹ́ àjọ, èyí tí ó wà nínú adájọ́ sì lè yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá ti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí i ní ọdún 1976, láti sọ ẹni tí yóò san owó alámòójútó, àwọn apẹja Cape May ìbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn dúró sí kí wọ́n tó tú ọkọ̀ sójú omi.